Sí Àjàní, Kí O Tó Wọ Bàálù Lọ sí Tàmálè

Àjàní ọmọ mi,

  Ẹ kú ooru, nítorí ìyá rẹ ní ooru Houston kò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn lóṣù tó kọjá.  Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́?  Ìyá rẹ ń gbádùn, àfi orúnkún. Ọ̀pá ló fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú. Páànù tí o fowó rẹ̀ ránṣẹ́ ti wà lórí ilé, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ sí i, kò jò. Olúwa yóò dá a padà fún ọ ní ìlọ́po ìlọ́po.   

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ìyábọ̀ ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nígbà tí a ti ilé ìsìn dé. Fọ́tò yín ni: ìwọ láàárín, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yín lọ́tùn-ún lósì, gbogbo yín wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan náà, wọ́n kọ Ghana gàdàgbà sí i láyà. Ó ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ẹ ń lọ fún iṣẹ́ ìhìnrere lóṣù Keje, ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ ó kun ilé ẹ̀kọ́ lọ́dà, ẹ ó kọ́ àwọn ọmọdé lórin, ẹ ó pín awò ojú, lẹ́yìn náà ẹ ó lọ sí ìpàdé ńlá àwọn ọ̀dọ́ ní Accra, ó di inú bàálù. Mo bi í pé ìlú wo ní Ghana. Ó ní Tàmálè. Mo ní kó tún un kà.

Àjàní, ta ni wọ́n ń pè ní Bàbá Tàmálè nínú ilé yìí? Ṣé ojú fóònù Ìyábọ̀ ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ?

Ìyá rẹ ti ń bẹ̀rù pé n ó ní kí o má lọ. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé o fẹ́ràn iṣẹ́ Olúwa, bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Irú ìrìn àjò yìí gan-an ni ọkàn mi kò balẹ̀ lé lórí, èyí tí ẹni tó bá lọ kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, àwọn irú yín kan ti òkè òkun wá bá wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kun ògiri kíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò tó ń fi ọ̀dà kíkùn jẹun jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wò wọ́n. Ọ̀dà ta sí gíláàsì fèrèsé, àwa la fi abẹ ha á kúrò nígbà tí wọ́n lọ tán. Àwọn ìyá ìjọ ra adìyẹ, wọ́n ra omi inú ike àti ìrẹsì tó wọ́n, nítorí a kò fẹ́ kí ojú tì wá. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án: ó di ìgbà ìkórè kí ìjọ tó san owó adìyẹ yẹn tán. Gbogbo ìyẹn kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ti ọmọbìnrin kékeré kan tí ọ̀kan nínú wọn fún ní bàtà funfun, tó gbé e sórí itan, tó sì sọ fún un pé òun ń bọ̀ lámọ́dún. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Nígbà tí àkókò náà yípo, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yẹn, ó ti fún un débi pé gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ó sì lọ jókòó lẹ́nu géètì. Mo ní kó wọlé wá kàwé. Ó ní òun ń dúró de àǹtí òun. Ẹni náà kò wá, kò sì kọ̀wé.

Kì í ṣe pé ọjọ́ yín kéré ni mo ń bá wí. Nígbà tí ajíhìnrere Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843, ọjọ́ díẹ̀ ló lò lọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá. Àmọ́ ó ṣèlérí pé òun yóò padà, ó sì padà. Ọ̀nà dí mọ́ ọn ní Àgbádárìgì, Ṣódẹkẹ́ kú kí ó tó dé, síbẹ̀ ó wọ ìlú náà ní 1846, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tiwa náà ńkọ́, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì tó wà ní Ìwó? Texas tí o wà yẹn ló ti jagun kí ó tó di oníwàásù. Ìgbòho ló ń lọ ní 1850, wọn kò jẹ́ kó kọjá Abẹ́òkúta. Dípò kó padà sílé, ó jókòó, ó ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn èèyàn. Àìsàn lé e kúrò ní 1856, kò pẹ́ rárá, àmọ́ ní 1858 ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e dé Rio de Janeiro, èdè wa ló fi bá àwọn ẹrú Yorùbá tó bá níbẹ̀ sọ̀rọ̀. O rí i pé bó ṣe lọ, ọ̀rọ̀ wa kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Èwo ni yóò wà lẹ́nu tìrẹ, bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé?

Jẹ́ kí n sọ ti Tàmálè fún ọ, nítorí mo mọ̀ pé bàbá rẹ kò lè sọ ọ́. Ẹ̀yìn Màmá ló wà nígbà tí a kúrò níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, láti Ṣakí àti Ìgbòho, ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Ghana. Ẹnikẹ́ni kò rán wọn, wọn kò sì gba owó oṣù. Bàbá wa wà lára wọn: abọ́ ló ń tà, abọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi ló ń ṣe díákónì. Ìgbà tó di 1947 ni àwọn òyìnbó ìjọ wa láti Amẹ́ríkà tó wá bá wọn. Yorùbá ni a fi ń sin Ọlọ́run, ìyẹn sì ń dun Bàbá, nítorí àwọn onílẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ó bá kọ́ Dagbani lọ́jà, láàárín ìnájà, títí tó fi lè fi kọ́ni ní Bíbélì.

Ọ̀dọ́kùnrin Dagomba kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló dúró tì í jù. Nígbà tí ilé wọn kò gbà á mọ́, ìsọ̀ wa ló ń sùn. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. O ti gbọ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ta ọjà ní ọ̀pọ̀, bí wọ́n ṣe fi ilé sílẹ̀. N kò ní tún un sọ. Lọ́jọ́ tí a gbéra, Bàbá kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn lé ọ̀dọ́kùnrin yìí lọ́wọ́. Ó ní kó máa gbá ilé náà, pé kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀ a ó ti dé.

Ó ń gbá a. Ó ń ní kí àwọn akọ̀wé etí títì bá òun kọ̀wé sí wa, Bàbá sì ń dá a lóhùn pé ọdún yìí ni. Bàbá kú. Lẹ́tà ṣì ń wá, orúkọ mi ni wọ́n wá ń kọ sí i. Olùkọ́ ni mí, mo ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dọọdún, ọkọ̀ sì ń lọ sí Ghana láti ìlú wa níbí. Lọ́dún kan ilé kíkọ́ ni, lọ́dún kejì ìyàwó gbígbé bàbá rẹ ni. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn béèrè pé ṣé kí òun fi kọ́kọ́rọ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni, nítorí ojú ń dun òun. Inú àpótí mi ló wà. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, n kò sì dá a lóhùn. Àjàní, mo ti sin òbí, mo ti sin àbúrò, kò sí èyí tó ń jí mi lóru bí lẹ́tà yẹn.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Oṣù Keje tí ẹ dá yẹn kò dára. Òjò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ní ní àríwá Ghana, láti bí oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹwàá. Lóṣù Keje, oko ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń ro iṣu, wọ́n ń ro àgbàdo. Bí ẹ bá dé, wọn ó fi ọkọ́ sílẹ̀ nítorí yín, nítorí Dagomba kì í ṣàì náání àlejò, koríko kò sì ní dúró dè wọ́n. Ẹ sún un sí oṣù Kejìlá, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti tán. Mo mọ̀ pé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ yí i padà.

Ọ̀dà kíkùn, ẹ gbé e fún àwọn tó ń kunlé níbẹ̀, kí ẹ sanwó fún wọn. Awò ojú, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ẹni tí yóò tún ojú náà wò nígbà tí ẹ bá lọ tán. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi wà ní Nalerigu láti 1958, nítorí pé bí àwọn kan ti ń lọ làwọn mìíràn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni kí ẹ ti gba ìmọ̀ràn, ẹ má ṣe gbà á lẹ́nu ẹni tó ń tẹ ẹ̀wù fún yín. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Tàmálè. N kò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀kan nínú yín bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ Ọlọ́run. Ìwọ náà mọ ìrun tí ìyá ìyá rẹ ń kí títí tó fi kú.

Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè wọn lónìí. “Dasiba” ni wọ́n fi ń kíni láàárọ̀, “Naa” ni ìdáhùn. Wọ́n máa ń lóṣòó kí àgbà, ìwọ náà lóṣòó. Mo ya àwòrán ọ̀nà láti ọjà dé ilé ìsìn sínú ìwé yìí. Ìlú á ti yí padà, àmọ́ béèrè ìjọ àwọn Yorùbá àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn arúgbó. Bí o bá rí ẹni tí Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, tàbí o rí ọmọ rẹ̀, sọ orúkọ bàbá àgbà rẹ fún un. Má ṣèlérí kankan fún un àyàfi èyí tí o ti fi ọjọ́ sí.

Ìpàdé Accra yẹn, àwọn tó kù lè lọ jókòó síbẹ̀. Láti Accra dé Èkó, bàálù kò gbà ju bíi wákàtí kan lọ. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, o kò tíì wọ ilé yìí, o sì rí àyè fún Ghana. Ìyá rẹ kò ní sọ ọ́, èmi ń sọ ọ́. Mú ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wá ṣe Kérésì níbí, kí ìyá rẹ gbé wọn. Bí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ kò bá gbà á, kí ìwọ nìkan wá.

Pè mí lálẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo bá ti ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì dé. Èmi ni kí o pè, má pe Ìyábọ̀. Sọ ọjọ́ tí ẹ yí tíkẹ́ẹ̀tì náà sí fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Òkèlérin, Ògbómọ̀ṣọ́.