Ṣé Ètò Oúnjẹ Ìdínsanra Yìí Ṣiṣẹ́ Lóòótọ́?

Kí a tó náwó lé ètò oúnjẹ ìdínsanra, ẹ jẹ́ ká wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, lórí òṣùwọ̀n kan náà, ká sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ká ní nínú ènìyàn 5, mẹ́rin fi kílò 4, 3, 2 àti 2 dínkù, ẹnì kan sì fi kílò 1 sanra sí i. Ìpíndọ́gba jẹ́ kílò 2. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, iye wọn sì jìnnà síra: ìṣirò t jẹ́ 2.39, kò tó 2.78 tí a ń wá. A kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Nítorí náà, ẹ má ṣe torí rẹ̀ pa oògùn àtọ̀gbẹ tì. Ọlọ́hun á fún wa ní àlàáfíà, àmín.