CRP àti Àtọ̀gbẹ: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà á lọ́wọ́ dókítà, a sì ń kó o sínú àpótí láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá kan mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá wa. Ẹ̀rù ti bà á gan-an. Ó rí i lójú ewé kìíní pé CRP òun jẹ́ 6, ẹnì kan sì ti sọ fún un pé àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà, ti dé nìyẹn. Kò jẹun dáadáa mọ́, àgbo ló ń mu. Àwa kì í ṣe dókítà o; iṣẹ́ ìṣirò owó la kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kọ́ wa pé èèyàn kì í ka ojú ewé kan ṣoṣo kó ní òun ti mọ èrè àti gbèsè. A ṣí ewé kejì. Ibẹ̀ la ti rí iye tí bàbá kò kà sí rárá: HbA1c, 44. Èyí gan-an ló yẹ kó gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

KÍ NI CRP?

Bí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa dùn wá. Ara ló ń jà fún wa yẹn. Bí ìjà náà bá ń lọ, ẹ̀dọ̀ wa á máa da èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Òun là ń pè ní CRP. William Tillett àti Thomas Francis ló kọ́kọ́ rí i ní New York ní 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń dà láàmú.

Bí ibà bá ń ṣeni, tàbí tí èèyàn fara pa, CRP lè lọ sókè fíofío, kó sì padà wálẹ̀ bí ara bá ti yá. Ìyẹn kò jẹ mọ́ àtọ̀gbẹ. Èyí tí a ń sọ ni wíwú abẹ́nú tí kò pọ̀, tí kì í dunni, tí kì í sì í lọ bọ̀rọ̀.

BÁWO LÓ ṢE KAN ÀTỌ̀GBẸ?

Ọ̀rá tó kó jọ sínú ikùn kì í jókòó lásán. Ó ń da èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ara máa jà láìsí ọ̀tá. Ẹ̀dọ̀ á gbọ́, á máa ṣe CRP. Ìjà kan náà yìí kì í jẹ́ kí ínsúlínì ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Ínsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan. Bí ilẹ̀kùn bá ń há, ara á máa ṣe ínsúlínì púpọ̀ sí i títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀.

Ní 2001, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera 27,628. Láàárín ọdún 4, àtọ̀gbẹ mú 188 nínú wọn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà lára wọn kí àrùn náà tó dé wò, wọ́n sì fi wé ti àwọn tí kò ní i. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ sísanra àti àwọn ewu mìíràn kúrò nínú ìṣirò, ewu àwọn tí CRP wọn ga jù tó ìlọ́po 4 ti àwọn tí tiwọn kéré jù.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e lórí àjogúnbá fi hàn pé àwọn tí a bí CRP gíga mọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ní àtọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ. Èéfín ni CRP, òun kọ́ ni iná. Ẹni tó ń fẹ́ èéfín dànù tí kò pa iná, iṣẹ́ òfo ló ń ṣe. Kò sí àgbo tàbí oògùn tó yẹ ká mu torí kí CRP ṣáà lè wálẹ̀.

IYE WO LÓ YẸ KÁ WÒ?

HbA1c ni. Ó ń sọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bí oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn.
– Kò tó 42: ó dára.
– 42 sí 47: àtọ̀gbẹ ti ń kanlẹ̀kùn, kò tíì wọlé.
– 48 sókè: àtọ̀gbẹ ni. Bí kò bá sí àmì kankan lára, wọ́n á tún un yẹ̀ wò kó lè dájú.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí ẹ bá jẹ́ SS, SC tàbí AS, ẹ sọ fún dókítà. HbA1c lè ṣini lọ́nà nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò mìíràn sì wà tí wọ́n lè ṣe.

Ní England, NHS ń ṣe àyẹ̀wò ìlera lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún márùn-márùn fún ẹni ọdún 40 sí 74 tí kò tíì ní àwọn àìsàn bí àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn. Ṣùgbọ́n ní tiwa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ewu náà ti ń ga láti ọmọ ọdún 25. Ẹ má dúró de lẹ́tà, ẹ béèrè.

KÍ LA LÈ ṢE?

Ẹ mú okùn, ẹ fi wọn ara yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ wá fi yí ikùn ká lókè ìdodo díẹ̀. Bí ẹnu okùn kò bá pàdé, ikùn ti pọ̀ jù.

Ó ṣeé ṣe láti padà sẹ́yìn o. Ìwádìí Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2002, tó kó èèyàn 3,234 jọ, fi hàn pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, tí wọ́n sì ń rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, fi ìdá 58 nínú 100 dín ewu àtọ̀gbẹ kù. A ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ̀bà tàbí iyán. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá lọ síbi àríyá, ẹ mu omi dípò mọ́ọ̀tì àti mínírà. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́.

Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò ọ̀fẹ́ NHS tí wọ́n ń pè ní Healthier You. Nígbà tí a tún rí i, ó fi bẹ́líìtì rẹ̀ hàn wá: ihò méjì ló ti fi wọlé.

Ẹ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ARA YÍN NÍLÉ:
1. Ta ló ti ṣe HbA1c nínú ilé wa, èló sì ni?
2. Ta ló ní àtọ̀gbẹ nínú àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wa?
3. Ṣé dókítà wa mọ irú ẹ̀jẹ̀ wa, AA, AS, SS tàbí SC?

Bí ìwé kan bá rú yín lójú, ẹ mú un wá, a ó jọ kà á. Kò sówó níbẹ̀. Ẹ sáà má gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: àìtètè mólè, olè ń mólóko.