Kí Ọmọdé Gbọ́, Kí A Gbọ́ Tirẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ní ilé kéú wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí a bá gbé pàṣán, àwọn ọmọ a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kì í ṣe ìtẹ́tísílẹ̀.

Hádíìsì Sahl ọmọ Sa'd, tí ó wà nínú ìwé Bùkáárí, fi hàn pé Ànábì (ṣ.a.w.) tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọdé tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ó lè kọ́kọ́ fún àwọn àgbà ní ohun mímu. Ọmọ náà kọ̀. Ànábì sì gbé e fún un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wàláà kan máa yí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó bá mú un ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kàn yóò tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì sọ, kí ó tó sọ tirẹ̀. Kí àwa àgbà náà má ṣe já lu ọ̀rọ̀ wọn.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.