A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Ẹ̀kọ́ nípa Àṣírí Ilé ní Ayé Ìsinsìnyí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan yẹ̀ wò. Wọ́n ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìbẹ̀rù lásán ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mushin, mo rí ohun tí ó mú mi tún un rò.

Ìyá ọmọ kan nínú kíláàsì mi ń ta ata ní ọjà Ojúwòyè. Ó fi fóònù rẹ̀ yá ₦20,000 lọ́wọ́ àwọn ayánilówó kan tí kò fi ojú rí rí. Ọjà kò yá, ọjọ́ sì kọjá lórí owó náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ṣí ìwé orúkọ láti pe àwọn ọmọ, iṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. Àwòrán obìnrin náà ni, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé olè ni, kí gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣọ́ra. Èmi kò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Nítorí ọmọ rẹ̀ ni nọ́ńbà mi fi wà nínú fóònù rẹ̀. Wọ́n ti fi irú iṣẹ́ kan náà rán sí àna rẹ̀, sí ìyálọ́jà, àti sí àwọn tí wọ́n jọ ń dá èésú. Ọmọ náà kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Èkíní: Ológò àtijọ́ àti ológò òde òní

Gbèsè kì í ṣe ohun titun láàárín wa. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, kí ó sì dà á láàmú títí yóò fi san owó. Iṣẹ́ náà le púpọ̀. Síbẹ̀ ojú ológò hàn sí gbogbo ènìyàn, ilé kan ṣoṣo ni ó sì ń wọ̀. Àgbà ilé lè bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ mìíràn.

Ológò òde òní kò ní ojú tí a lè wò, ó sì ń wọ igba ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé nìyí. Nígbà tí a bá gbé áàpù ayánilówó sórí fóònù, ó lè tọrọ àyè láti wo orúkọ àwọn tí a mọ̀, àwòrán wa, àti ibi tí a wà. Bí a bá ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe àṣírí tiwa nìkan ni a fi lélẹ̀, a ti fi ti ìyá, ti bàbá, ti àna àti ti olùkọ́ ọmọ wa lélẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kò ní sùúrù láti ka ìwé àdéhùn gígùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi rù ú.

Ìjọba kò dákẹ́ sí i. Ní August 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní March 2022, àjọ FCCPC àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Opebi, Ikeja, láti yẹ iṣẹ́ wọn wò. Láti 31 May 2023, Google pẹ̀lú kọ̀ fún áàpù ayánilówó láti máa wo orúkọ àti àwòrán inú fóònù ènìyàn.

Èkejì: Ọwọ́ tí a kò rí

Ológò a máa pariwo, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kì í pariwo rárá. Ní 2018, Facebook jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 87 ti dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Cambridge Analytica láìtọ́. Ní ọdún náà ni ìròyìn jáde pé àwọn ènìyàn ilé-iṣẹ́ yìí ti ní ọwọ́ nínú ìpolongo ìbò Nàìjíríà ti 2015, ìjọba sì yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń bà ọ́ lẹ́rù àti ohun tí ń dùn mọ́ ọ, ó lè yan ìròyìn tí yóò gbé síwájú rẹ. Aládùúgbò méjì ní Surulere, tí ògiri kan ṣoṣo yà nípá, lè ka ìròyìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí olúkúlùkù sì rò pé ohun tí gbogbo ayé ń kà nìyẹn.

Nígbà tí Mark Zuckerberg wá sí CcHub ní Yaba ní August 2016, inú àwọn ọ̀dọ́ dùn, ìdùnnú náà kò sì burú, nítorí ohun rere púpọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Yaba. Ṣùgbọ́n ní July 2024, àjọ FCCPC bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, nítorí bí ó ti ń lo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí a ń pè ní ọ̀fẹ́ ní iye tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ìjọba àti ìdílé

Ẹnìkan lè wí pé, "Ó dára, kí a má ka ẹnikẹ́ni mọ́." Èyí kò tọ́. Ní 1988, ìjọba Nàìjíríà ṣe ètò lórí iye ènìyàn, ó gba ìyá kọ̀ọ̀kan níyànjú pé kí ọmọ rẹ̀ má ju mẹ́rin lọ, láìfi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí yóò ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, tàbí tí yóò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kò lè ṣàìkà. Ní ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba Èkó ní ó lé ní mílíọ̀nù 17. Àríyànjiyàn ńlá ni, nítorí iye yìí wà lára ohun tí a fi ń pín owó àti ìjókòó nínú ilé aṣòfin.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí òwe wa. Kò sọ pé kí a má ka ọmọ. Ọlọ́mọ mọ iye ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí ẹlòmíràn máa kà wọ́n láìgba àṣẹ. Ohun kan náà ni òfin ń wí. Abala 37 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo ilé, ìwé àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù olúkúlùkù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, fún ọmọ pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí. Òfin tí a fi ọwọ́ sí ní 12 June 2023 sì wí pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó fi ìyọ̀ǹda ṣe ìdí lílo àkọsílẹ̀ ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin: Iṣẹ́ ti wa

Ẹ̀yin ará, ìwé orúkọ tí ó wà lọ́wọ́ wa kún fún àṣírí: ọjọ́ orí, àìsàn, nọ́ńbà òbí, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Kí a tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, tàbí kí a fi fún ẹlòmíràn, kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó fẹ́ ẹ? Kí ni yóò fi ṣe? Ta ni yóò pa á mọ́? Kí a má ṣe gbé àwòrán ọmọ ọlọ́mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó rẹwà.

Ọmọ ìyá aláta padà wá ní ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ náà ni ó yẹ kí n ka orúkọ àwọn tí ó jẹ owó ilé-ẹ̀kọ́ sókè níwájú gbogbo kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Mo mú ìwé náà lọ́wọ́, mo sì rí i pé iṣẹ́ ológò ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. N kò kà á. Nígbà tí a jáde fún eré, mo pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì fún olúkúlùkù ní ìwé tí a lẹ̀ pọ̀ láti mú lọ fún òbí rẹ̀.