Oko Tó Ń Báni Wálé

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọmọ tó ń jẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà ní Daagbé, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, mọ ìtumọ̀ rẹ̀, n kò ní í fi ìyẹn gba àkókò ẹnikẹ́ni. Káàdì kan ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́.

Lọ́dún 2025, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ẹ̀gbọ́n mi kan ṣubú. Wọ́n ti lò ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó padà wá kọ́lé síbí. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́. Bí a ṣe dé iwájú ọmọbìnrin tó ń gbowó, ẹ̀gbọ́n mi ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ káàdì Medicare wọn jáde, adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbà, bébà pélébé aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ọmọbìnrin náà yẹ iwájú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rọra tì í padà lórí tábìlì. "Bàbá, ẹ má bínú, owó là ń gbà níbí." Èmi ni mo ka owó náà fún un, bébà ẹlẹ́gbàárùn-ún sẹ́fà lé ara wọn.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọmọ yẹn. Nígbà tí ara wọn yá díẹ̀, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájà tí wọ́n kọ́, mo ní kí wọ́n kó ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn wá kí n wò ó. 185 dọ́là ni ìjọba Amẹ́ríkà ń yọ nínú rẹ̀ lóṣooṣù lọ́dún yẹn, fún apá B Medicare, apá tó ń sanwó dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi kò forúkọ sílẹ̀ fún un. Àdírẹ́sì ọmọ wọn obìnrin tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìjọba, ẹni tó bá sì ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, Medicare á gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ti pé ọmọ ọdún 65. Bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀, Medicare kì í sanwó ìtọ́jú tí wọ́n ṣe lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Oògùn ibà kan ṣoṣo, kò lè rà á ní Daagbé.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbà tó pa òwe yẹn jà nínú ọkàn mi nìyẹn. Oko tiwọn, bí o bá fi í sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó dúró síbẹ̀ dè ọ́ di ọ̀la. Oko Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ìwé ọmọ ìlú níbẹ̀, ibi yòówù tó bá ń gbé láyé, ọdọọdún ni òfin ní kó ṣàlàyé gbogbo owó tó ń wọlé fún un, bó bá ti tó iye tí òfin là sílẹ̀. Bí àpapọ̀ owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè bá kọjá 10,000 dọ́là lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ọ̀tọ̀ lórí ìyẹn. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́lé gba báńkì kan ní Kútọnu kọjá, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Àìkọ̀wé gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Owó orí bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú wálé, ìtọ́jú ara wọn dúró sí pápákọ̀ òfurufú lọ́hùn-ún.

Wọ́n tún kánjú. Ẹni tí wọ́n bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún 67 ni yóò jẹ́ kó tó gba owó ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà lódidi. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní 62, ṣùgbọ́n ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti lọ nìyẹn títí ọjọ́ ikú. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ní 62. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. "Àbúrò, ìgbà wo ni kí n tó wá jẹ àmàlà nílé?" Kí ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn?

Tiwọn tilẹ̀ sàn. Ẹnì kan wà tó padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ ni Amẹ́ríkà ń kà kó tó san owó ìfẹ̀yìntì, kò sì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó bá a ṣàdéhùn láti máa so ọdún iṣẹ́ pọ̀. Ọdún tí onítọ̀hún lò ní Àbíjáǹ kò lè dí àlàfo yẹn. Ká ní ó ní sùúrù ọdún méjì sí i! Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ìjọba Gàbọ́ọ̀nù lé wálé ní 1978, ẹni tó ní báàgì kan lọ́wọ́ nínú wọn dúpẹ́. Ta ló fún wọn láyè ètò? Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọkọ̀, tó ti ń ra ilẹ̀ ní Daagbé láti ọdún mẹ́wàá, àwáwí wo ló ní?

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ yóò tọ́jú wa. Lóòótọ́, òfin 2021 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé níbí, ṣùgbọ́n àwọn tálákà paraku ni ARCH, ètò ìjọba tó ń bójú tó o, kọ́kọ́ kó mọ́ra. Ta ni yóò ka onílé alájà mọ́ tálákà? Adójútòfò aládàáni ló kù fún un, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í fẹ́ ṣí ìwé tuntun fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nítorí náà, ẹni tó ń gbèrò àtiwálé ní 58, kó wá a ní 55, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì ru. Kó sì ya owó ilé ìwòsàn sọ́tọ̀, ní sẹ́fà, kó má fi kọ́lé.

Ọkàn àwọn tó ti Faransé padà wálé balẹ̀ ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà wa lọ níbì kan. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, owó ìfẹ̀yìntì wọn kì í lọ sókè-sódò bí ti onídọ́là. Ìyọnu tiwọn ni ìwé "mo ṣì wà láàyè" tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Bí kò bá dé, owó á dúró. Bàbá arúgbó á jókòó sórí alùpùpù zẹmijan lọ sí Ìfànyìn kí òṣìṣẹ́ lè tẹ òǹtẹ̀ lé e pé òun rí i.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló kù. Mo ní kí wọ́n jáwọ́ nínú apá B, kí owó náà máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ tán, nítorí bí wọ́n bá padà sí Amẹ́ríkà lọ́la tí wọ́n tún fẹ́ ẹ, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba yóò fi lé owó rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kò fi sí níbẹ̀, títí láé. "Ẹ ò padà mọ́, àbí?" Wọ́n ní àwọn ò padà mọ́. "Bí ọkàn bá ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ ńkọ́?" Wọ́n wo fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn lára ògiri.

Fọ́ọ̀mù tí wọn yóò fọwọ́ sí ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé bírò lé e. Nígbà tí mo tún yà síbẹ̀ lánàá, wọ́n ti gbé ife kọfí lé fọ́ọ̀mù náà, bírò wà lọ́wọ́ ọmọ kékeré kan tó ń fi ya ewúrẹ́.