BỌ́Ọ̀LÙ DÍGÍ ÀTI KÁMẸ́RÀ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀kọ́ tòní kò gba ju bọ́ọ̀lù dígí kan àti kámẹ́rà lọ. Kámẹ́rà inú fóònù náà tó. Ẹni tí kò bá rí bọ́ọ̀lù dígí, kí ó wá ìgò roboto tó mọ́ gaara, kí ó bu omi kún un dẹ́nu.

Ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí oòrùn kò dé, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì wo ilé ọ̀ọ́kán láti inú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ilé ti dorí kodò, ọ̀tún sì ti di òsì. Kí ló fà á? Ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀ bó bá ń wọ inú dígí, a sì tún tẹ̀ bó bá ń jáde. Èyí tó ti òrùlé wá á bọ́ sísàlẹ̀, ti ìpìlẹ̀ á bọ́ sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń jẹ́ kí kámẹ́rà wo ilé ẹ̀yìn. Àwòrán tí à ń wá kò sí níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù dígí bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, iwájú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ya fọ́tò, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ni àwòrán náà wà. (Ti ìgò omi jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ àárín bọ́ọ̀lù, ilé inú rẹ̀ á mọ́ kedere, ẹ̀yìn á sì ṣe bàìbàì.

Àwọn àgbà onímọ̀ ti lo irú nǹkan yìí rí. Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, kọ Kitab al-Manazir lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Kamal al-Din al-Farisi, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1319, ló ṣàlàyé ìwé náà. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń dá òṣùmàrè, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ inú ẹ̀kán òjò lọ wò ó? Ó bu omi kún bọ́ọ̀lù dígí, ó fi ṣe ẹ̀kán òjò ńlá, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kàn án nínú yàrá òkùnkùn. Ó rí i pé ìtànṣán tẹ̀ bó ṣe wọlé, ó ta padà lẹ́ẹ̀kan nínú omi, ó sì tún tẹ̀ bó ṣe jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bọ́ọ̀lù yìí wo oòrùn, ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé. Bó ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ló ń kó ooru jọ. A gbàgbé tiwa sórí ìwé kan lójú fèrèsé ilé kéú, a lọ kírun Alásárì. Nígbà tí a dé, èéfín ti ń rú, ihò ti lu ìwé náà. Inú àpò aṣọ dúdú ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí báyìí.