Ìbéèrè Márùn-ún Kí Oògùn Tó Wọ Ara

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kọ́ bí a ti ń ka nọ́ńbà tí kọ́mà wà nínú rẹ̀. Lónìí a ó lo ẹ̀kọ́ náà lórí páálí oògùn. Kí olúkúlùkù mú páálí kan tàbí ìgò kan wá láti ilé. Bí ó ti wù kí ó gbó tó, ẹ mú un wá, a ó kà á.

Oògùn a máa wo àìsàn. Oògùn kan náà a sì máa pa ènìyàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ̀n ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: iyọ̀ ni í mú ọbẹ̀ dùn, iyọ̀ náà ni í bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, a lè bu omi sí ọbẹ̀. Oògùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ìbá à ṣe ní Benin, ní Nàìjíríà tàbí ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìbéèrè márùn-ún tí wọn gbọ́dọ̀ bi ara wọn kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn. Ṣé ẹni tó ni oògùn nìyí? Ṣé oògùn náà gan-an nìyí? Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ pé? Ṣé ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọ ara nìyí? Ṣé àkókò rẹ̀ ti tó? Lẹ́yìn èyí, nọ́ọ̀sì yóò kọ ohun tó ṣe sínú ìwé. Bí kò bá kọ ọ́, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ kò ní mọ̀ pé aláìsàn ti lo oògùn, ó sì lè tún fún un ní òmíràn.

Ẹ lè sọ pé, "Kí ló kàn wá? A kì í ṣe nọ́ọ̀sì." Ó kàn wá. Nọ́ọ̀sì a fún ọmọ ní oògùn lẹ́ẹ̀kan ní ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni yóò fún un ní ìyókù ní ilé, ní òru, pẹ̀lú iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní wákàtí yẹn, ìyá náà ni nọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè kìíní dà bí ohun tó rọrùn. Àmọ́ ní Àjàṣẹ́ wa yìí, bí a bá pe "Ìyá Ìbejì" nínú yàrá kan, ènìyàn mẹ́ta lè dáhùn. Bí nọ́ọ̀sì bá sì sọ pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ìbejì?", aláìsàn tí ibà ti mú kò ní ṣe ju kó mi orí lọ. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ fi máa ń sọ pé, "Màmá, kí ni orúkọ yín lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́? Ọdún wo ni wọ́n bí yín?" Kí inú má bí wa bí ó bá bi wá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Kó tún bi wá bóyá oògùn kan wà tí ara wa kì í gbà, nítorí àwọn kan wà tí pẹnisílínì lè pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìbéèrè kejì: oògùn wo ni? Oògùn kan a máa ní orúkọ méjì. Orúkọ oògùn gan-an ni a ń kọ kékeré. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un ni a ń kọ gàdàgbà. Ẹ mú páálí Doliprane àti páálí Efferalgan, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá. Ohun kan náà ni ẹ ó rí: paracétamol. Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn náà ní in nínú. Nítorí náà, ẹni tí orí ń fọ́ tó lo èkíní, tó tún fi èkejì lé e, tó wá lo oògùn ọ̀fìnkìn, rò pé òun lo oògùn mẹ́ta. Oògùn kan ṣoṣo ló lò lẹ́ẹ̀mẹta. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju 4 gíráàmù lọ láàárín wákàtí 24, èyí tí í ṣe hóró mẹ́jọ tí a kọ 500 mg sí lára. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bàjẹ́. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ẹni náà lè dà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ní ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí ata rodo tó gbó sí yẹ́lò.

Ọ̀rọ̀ oògùn orí àtẹ ńkọ́? Mi ò ní bú ẹni tó ń rà á. Fámásì a máa ta odindi páálí, ọlọ́jà a sì máa gé hóró méjì fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo hóró tí wọ́n gé náà dáadáa. Orúkọ kò sí lára rẹ̀. Ìwọ̀n kò sí. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, èyí tí a máa ń kọ EXP tàbí PER síwájú rẹ̀, kò sí. Ẹ ti kọ́ ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ ó kà. Oòrùn ti pa á láti àárọ̀, a kò sì mọ ibi tó ti wá, bí a kò ti mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ kpayo kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Kútọnu, Adjégounlè nítòsí Dantokpa ni òwò yìí ti gbilẹ̀ jù lọ fún ọdún púpọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, Jacques Chirac, ẹni tó ti jẹ ààrẹ ilẹ̀ Faransé rí, wá sí Kútọnu láti ké sí gbogbo ayé nípa ayédèrú oògùn. Síbẹ̀ ọjà náà ń ná. Ó di oṣù kejì ọdún 2017 kí àwọn ọlọ́pàá tó wọ Adjégounlè, tí wọ́n sì kó oògùn tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹni tí owó fámásì bá ń dẹ́rù bà, kó béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba fún irú èyí tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́. Owó rẹ̀ a máa dín, iṣẹ́ kan náà ni ó sì ń ṣe.

Ewu kan tún wà tí ojú kò lè rí. Ní ìparí ọdún 2008, ní Nàìjíríà, àwọn ìyá fún ọmọ wọn ní oògùn olómi kan tí a fi ń tọ́jú ọmọ tó ń hu eyín. My Pikin ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó pò ó ti fi diethylene glycol sínú rẹ̀, irú omi tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ mọ́tò. Kídìnrín àwọn ọmọ náà dáṣẹ́ dúró, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló kú. Ní ọdún 2022, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Gámbíà pẹ̀lú oògùn ikọ́, bí àádọ́rin ọmọ sì bá a lọ. Ìyá tó ka ìgò náà kò lè rí i. Àmọ́ ìyá tó tọ́jú ìgò náà, tó sì tètè gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì nígbà tí ọmọ kò tọ̀ mọ́, ìgò yẹn ni a fi ń mọ oògùn tó yẹ kí a kó kúrò lọ́jà. Ẹ má ṣe sọ ìgò tàbí páálí nù títí ọmọ yóò fi gbádùn.

Ó kù sí ìwọ̀n, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí.

Ẹ kọ 0,5 sórí síléètì yín. Ẹ kọ 5 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdajì ni ti àkọ́kọ́, odindi márùn-ún ni èkejì. Bí ènìyàn bá kọ ,5 láìfi òdo síwájú, tí kọ́mà náà kò sì hàn, ẹni tó bá kà á yóò rí 5. Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Bí a bá sì kọ 1,0, tí kọ́mà parẹ́, ó di 10. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ nọ́ọ̀sì pé kó máa fi òdo ṣáájú kọ́mà nígbà gbogbo, kó má sì fi òdo tí kò wúlò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ráhùn pé mo le jù lórí kọ́mà, ẹ ti rí ìdí rẹ̀.

Ìwúwo ọmọ ni a fi ń mọ ìwọ̀n oògùn rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Fún paracétamol, 15 mg ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Ọmọ tó wọn kílò 10 yóò gba 150 mg. Hóró àgbàlagbà jẹ́ 500 mg, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ti oògùn olómi tún gba ìfarabalẹ̀ ju èyí lọ. Ìgò méjì lè jọra bí ìbejì, kí a kọ 125 mg nínú 5 ml sára ọ̀kan, kí a sì kọ 250 mg nínú 5 ml sára èkejì. Ọmọ kílò 10 wa yìí yóò mu 6 ml nínú ìgò kìíní, ṣùgbọ́n 3 ml péré nínú èkejì. Nítorí náà, "ṣíbí kan" kì í ṣe ìdáhùn. Ṣíbí ilé mi àti ṣíbí ilé yín kò dọ́gba. Ìdérí tàbí ife kékeré tí wọ́n fi sínú páálí ni kí a lò, ìlà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà.

Ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọ ara náà ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé abẹ́rẹ́ lágbára ju oògùn ẹnu lọ, wọ́n a sì máa bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń tiro ní àdúgbò. Àwọn kan nínú wọn, abẹ́rẹ́ kìnínì tí wọ́n gún sí ìdí ló ba iṣan ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Pẹnisílínì kan sì wà, benzathine, tó funfun bíi wàrà. Inú ẹran ara nìkan ni a ń gún un sí. Bí ó bá wọ ọ̀pá ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró. Ẹni tó bá lè gbé oògùn mì, tí kò sì ń bì, kí ló ń fi abẹ́rẹ́ ṣe?

Ní ti àkókò, ẹ jẹ́ kí a wo oògùn ibà tó wọ́pọ̀, artéméther-luméfantrine. Oògùn méjì ni wọ́n pa pọ̀. Ti àkọ́kọ́ yára, ó ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti jáde kúrò lára. Èkejì a máa rọra ṣiṣẹ́, a sì máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó lè lé àwọn tó kù bá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ó lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí mẹ́jọ ló wà láàárín ìkíní àti ìkejì, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́. Bí a bá kọ 20/120 sára hóró, ọmọ tó wọn kílò 5 tí kò tíì tó 15 yóò lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Láti 15 títí dé abẹ́ 25, méjì. Láti 25 títí dé abẹ́ 35, mẹ́ta. Láti 35 sókè, mẹ́rin. Kí a lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá, bí àkàrà tàbí wàrà, nítorí luméfantrine kì í wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa nínú ikùn tó ṣófo.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara ọmọ a máa tutù ní ọjọ́ kejì. Ìyá a wo hóró tó kù, a ní, "N ó tọ́jú eléyìí fún àbúrò rẹ̀." Mo mọ̀ pé ìṣọ́wóná ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó gbójú jù, ibà yóò sì padà wá. Àbúrò náà kò sì ní rí oògùn tó pé.

Báyìí ni a ṣe lè béèrè láìsí àrífín:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ oògùn yìí?"

"Oògùn ibà ni, màmá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi fi ọwọ́ tọ́ka sí orúkọ rẹ̀ lára páálí, kí n kà á. Ẹ kọ iye tí n ó fún un àti wákàtí rẹ̀ fún mi."

ÌDÁNRAWÒ

1. Ọmọ kan wọn kílò 12. Mílígíráàmù paracétamol mélòó ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan?

2. Ọmọ kan wọn kílò 18. Hóró oògùn ibà 20/120 mélòó ni yóò lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta?

3. Ẹ kọ "ìdajì" ní nọ́ńbà bí nọ́ọ̀sì ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

4. Ẹ wá orúkọ kékeré, iye mg, àti ọjọ́ EXP tàbí PER lára páálí tí ẹ mú wá. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ fi páálí náà han olùkọ́.